Mọ́sálááṣí Ọba Sùlèmọ́nù Ní Ìlú Istanbul

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí a ń ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá sí ilé, tí ọkọ̀ òfurufú sọ̀ wá kalẹ̀ sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tí èyí tí yóò sì gbé wa dé Èkó kò ní gbéra títí di agogo méje alẹ́. Ẹni tí ó bá ti jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú rí kò ní bi wá léèrè ìdí tí a fi wá ọ̀nà àbájáde. Àga ibẹ̀ kò ṣe é sùn lé, oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n bí ojú, aago ara ògiri a sì máa rìn bí ìgbín.

A ti gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Tọ́kì sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó dá wa dúró. Kì í ṣe gbogbo àwa tí a jọ ń bọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàrin wa, Àlàájà ni, tí ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun kò ní ìwé yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bá a gbà á. Nígbà tí ó gbọ́ pé mọ́sálááṣí ni a fẹ́ lọ wò, ó ní kí a jókòó ti òun ná. Ó bi wá bóyá Mùsùlùmí ni wá. A dá a lóhùn pé ọmọ ìjọ ni wá, ṣùgbọ́n pé ìyá tí ó bí baba wa kírun márààrún títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú," ni ó wí, "ojú kan náà ni Ọlọ́run fún gbogbo wa. Bá mi wò ó dáadáa, ọmọ mi, kí o wá sọ fún mi. Má kàn lọ ya fọ́tò kí o sì máa sáré bọ̀." Ó ní kí a bá òun ra tẹ̀sùbáà kan bọ̀, ó sì fi pọ́n-ùn márùn-ún lé wa lọ́wọ́. Bí a ṣe di aṣojú nìyẹn.

Pápákọ̀ tuntun yìí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018, jìnnà sí àárín ìlú. Ó lé ní 30 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì ni a wọ̀. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, tí ẹni tí ó ń gbé Èkó kò ní kà sí nǹkan, ó gbà wá ní wákàtí kan ààbọ̀ kí a tó dé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Sultanahmet. A ṣírò rẹ̀ lórí ìka: bí a bá yọ àkókò ìpadàbọ̀ kúrò, tí a sì tún yọ wákàtí méjì tí wọ́n fẹ́ kí èrò fi ṣáájú ọkọ̀, wákàtí mẹ́rin péré ni ó kù fún wa.

Ní Sultanahmet ni àwọn ilé méjì tí gbogbo ayé mọ̀ ti dojú kọ ara wọn. Àyà Sófíà ni ọ̀kan, tí Ọba Justinian kọ́ fún àwọn Kristẹni, tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 537. Ó di mọ́sálááṣí ní 1453 nígbà tí àwọn ará Tọ́kì gba ìlú náà. Ìjọba sọ ọ́ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní 1934. Ó sì tún padà di mọ́sálááṣí ní 2020. Ẹnì kejì rẹ̀ ni mọ́sálááṣí Ọba Ahmed, tí ó ní ilé gogoro ìpèrun mẹ́fà. Èrò tí ó tò sí ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì gùn bí ti ọjọ́ ìdìbò. A wò wọ́n lókèèrè, a sì ń bá tiwa lọ. Mọ́sálááṣí Ọba Sùlèmọ́nù ni a ń wá, èyí tí àwọn onílé ń pè ní Süleymaniye, nítorí ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìtàn ti wí fún wa pé bí a bá ní àyè láti wo ilé kan ṣoṣo ní Istanbul, òun ni kí a wò.

A kò tíì rìn jìnnà lójú títì Divanyolu nígbà tí a rí ilé òkúta kan lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó ní fèrèsé onírin, tí ọgbà ìsìnkú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibojì àwọn ọba ni. Ọba Mahmud Kejì ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó sùn tì í ni ó mú wa dúró: Ọba Abdul Hamid Kejì, tí wọ́n yọ lóyè ní 1909, tí ó sì kú ní 1918. Ẹ̀yin olùkàwé wa lè bi wá pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀ràn ọba Tọ́kì. Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti gba òpópónà Martins kọjá ní Ìsàlẹ̀ Èkó rí ti fi ojú kan mọ́sálááṣí Shitta-Bey. Orúkọ ẹbí ni Shitta. Bey kì í ṣe orúkọ ẹbí rárá. Oyè ni, láti ọwọ́ ọba tí ó sùn síbí yìí ni ó sì ti wá.

Ìtàn náà kò pẹ́ sọ. Ní ọdún 1824 ni a bí Mohammed Shitta ní ìlú Waterloo ní Sàró, láti inú àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú ti fọ́n ká, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Àwọn òbí rẹ̀ kó wọn padà wá sí Àgbádárìgì ní 1844. Ó ṣòwò, ó là, ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálááṣí fún àwọn ará Èkó. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Brazil bọ̀, ni ó bá a mọ ọ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iwájú ilé náà fi ní òdòdó àti ọnà bí ti Brazil. Ní ọjọ́ 4 oṣù July ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tí ó di Mùsùlùmí ní Liverpool, ni ó sì ṣojú fún Abdul Hamid, tí ó gbé oyè Bey lé Shitta lórí. Lẹ́yìn ọdún kan, Shitta kú. A ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Èkó rí, a ò sì ronú rí pé a ó dúró níwájú ẹni tí ó fi oyè yẹn ránṣẹ́. A wo inú ilé náà láti ojú fèrèsé, a ka àwọn pósí tí aṣọ bò. Lẹ́yìn náà ni a wo aago wa, a sì yára.

A gba ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá abẹ́ òrùlé kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fa àlejò lápá wọ ìsọ̀ bí ti àwọn òǹtajà tiwa gẹ́lẹ́, a gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà, a sì gun òkè. Àwọn ará Istanbul a máa wí pé òkè méje ni ìlú àwọn dúró lé. Lórí ẹ̀kẹta ni mọ́sálááṣí náà wà, tí ó ń wo omi nísàlẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ó dà bí igbá ńlá kan tí a dojú rẹ̀ dé, tí a wá fi àwọn igbá kéékèèké yí ká, bí àgbébọ̀ adìyẹ tí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sábẹ́ ìyẹ́. Ilé gogoro ìpèrun mẹ́rin ni ó ní, ibi tí ládàánì lè dúró sí lára wọn sì jẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní mẹ́rin nítorí pé Sùlèmọ́nù ni ọba kẹrin tí ó jẹ lẹ́yìn tí wọ́n gba Istanbul, àti mẹ́wàá nítorí pé òun ni ìkẹwàá nínú ìdílé wọn.

Sùlèmọ́nù yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní Ológo, tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ sì ń pè ní Aṣòfin. Láti 1520 títí di 1566 ni ó fi jọba. Ní 1550 ni ó pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1557 ni wọ́n sì ṣí ilé náà. Ọ̀gá àwọn mọlémọlé tí ó gbé iṣẹ́ náà fún ni Sinan.

A bọ́ bàtà, a wọlé. A kò fẹ́ sọ àsọdùn. Ohun tí ó kọ́kọ́ bá ènìyàn níbẹ̀ kì í ṣe ọnà, kì í sì í ṣe wúrà, nítorí wọn kò pọ̀ níbẹ̀. Àyè ni. Òrùlé rìbìtì náà ga tó 53 mítà sí ilẹ̀, ìbú rẹ̀ sì lé ní 26 mítà, òpó ńláńlá mẹ́rin ni ó sì gbé e, tí wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ débi pé kò sí ohun tí ó dí ẹni tí ó wà lẹ́yìn lójú kí ó má rí Lèmọ́ọ̀mù. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn fèrèsé aláwọ̀ tí ó dára jù lọ wà ní apá ibi tí a ń kọjú sí kírun, wọ́n sì ní ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ìbùráímù Ọ̀mùtí ni ó ṣe gíláàsì wọn. A kò gbọ́ ẹni tí ó lè sọ fún wa bí orúkọ náà ṣe bá oníṣẹ́ mọ́sálááṣí dé ojú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ gbọ́ èyí. Nígbà tí ó jẹ́ pé fìtílà elépo ni ó ń tàn nínú ilé náà, èéfín ì bá ti sọ òrùlé di dúdú. Wọ́n ní Sinan ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó ń gbá èéfín náà lọ sí yàrá kékeré kan lókè ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ha á, tí wọ́n sì ń fi í ṣe tàdáwà fún àwọn tí ń kọ Àlùkùránì àti ìwé òfin. Àárín àwọn fìtílà náà ni wọ́n sì máa ń so ẹyin ògòǹgò rọ̀ sí, nítorí wọ́n gbà pé aláǹtakùn kò fẹ́ òórùn rẹ̀. Ìtàn kan tún wà tí àwọn amọ̀nà fẹ́ràn láti máa sọ: pé ẹnì kan lọ ṣòfófó fún ọba pé Sinan jókòó sí àárín mọ́sálááṣí tí kò tíì parí, ó ń fa ìkòkò tábà olómi, pé ọba dé tìbínú-tìbínú, ó sì bá a pé kò sí tábà níbẹ̀, omi inú ìkòkò ni ó ń mú hó kí ó lè mọ bí ohùn ṣe ń rìn nínú ilé. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1600 ni tábà dé ilẹ̀ Tọ́kì, Sinan sì ti kú ní 1588.

Èyí tí a kò lè gbé sọnù bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìṣirò owó iṣẹ́ náà, tí ó wà títí di òní. Òpìtàn ará Tọ́kì kan, Ömer Lütfi Barkan, tú u palẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní apá méjì, ní 1972 àti 1979. Àwọn akọ̀wé ọba kọ ohun gbogbo sílẹ̀: òkúta, irin, òjé, igi, àti owó ọ̀yà àwọn oníṣẹ́. Nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, agbẹ́kùúta, bírikìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ Kristẹni. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí àwọn kan wà nílẹ̀ wa lóde òní tí wọ́n fẹ́ kí a gbàgbọ́ pé Mùsùlùmí àti Kristẹni kò lè jọ gbé òkúta kan: mọ́sálááṣí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ ọba Mùsùlùmí tí ó lágbára jù ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ Kristẹni wà níbẹ̀ tó ìdajì, wọ́n sì gbowó ọ̀yà wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà kò jẹ́ kí a yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ tí ó lé ní ìdajì ni àwọn òmìnira tí wọ́n gba ọ̀yà ṣe. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọba ń kó lọ́wọ́ àwọn òbí wọn ní ìletò àwọn Kristẹni, tí wọ́n ń sọ di Mùsùlùmí, tí wọ́n sì ń tọ́ fún iṣẹ́ ogun. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù jẹ́ ti àwọn ẹrú tí ń wa ọkọ̀ ogun ojú omi, tí wọ́n kó wá nígbà tí ọkọ̀ wà ní èbúté. Sinan fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a kó bẹ́ẹ̀ ni í ṣe. Ilé Kristẹni ní agbègbè Kayseri ni wọ́n ti mú un. Ó bá wọn jagun, ó mọ afárá fún ogun, kí ó tó di ọ̀gá mọlémọlé.

A dúró pẹ́ lórí ọ̀ràn yìí nínú ọkàn wa, lábẹ́ òrùlé náà gan-an. Ilé tí ó rẹwà tó báyìí, ǹjẹ́ a lè yìn ín láìbi ẹni tí ó ru òkúta rẹ̀ léèrè? Àwa tí ìran wa wà nínú ọkọ̀ ẹrú kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ojú fo ẹrú ẹlòmíràn. Ìyá kan wà ní abúlé kan tí kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́, bí ìyá ṣe wà ní Ọ̀yọ́ Ilé àti ní Òwu tí kò rí tirẹ̀. Pé ọmọ kan nínú wọn di Sinan kò tu ìyá àwọn ọgọ́rùn-ún yòókù nínú. A kò yọ ìyìn wa kúrò. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe fún wa láti yin ọba nìkan, gẹ́gẹ́ bí òkúta ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ́ kí a ṣe.

Bí a ti ń ro èyí ni ládàánì pe ìrun Àìlà, wọ́n sì ní kí àwọn àlejò jáde. A jókòó sí ìta níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò, baba kan tí ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ síbi ògiri láìwẹ̀yìn, gbogbo wọn wọlé. Ìyá baba wa a máa wí pé ọmọ tí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà ìrun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a dì. A jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí a dìde, a yí gbogbo àgbègbè náà ká, ibẹ̀ ni a sì ti rí ohun tí ó tọ́ sí àwọn olùkàwé wa jù lọ. Sùlèmọ́nù kò kọ́ mọ́sálááṣí nìkan. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rin yí i ká, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ilé ìwé àwọn ọmọdé, ilé ìwòsàn, ilé ìwẹ̀, ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí, àti ilé ìdáná ńlá tí ó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn aláìní àti àwọn àlejò ní oúnjẹ. Kí ohun gbogbo má baà kú pẹ̀lú òun, ó ya owó orí ilẹ̀ àti àwọn abúlé sọ́tọ̀ tí yóò máa bọ́ wọn. Méjì nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti di ibi ìkówèé-sí láti ọdún 1918, ó sì wà lára àwọn tí ó ní ìwé àfọwọ́kọ Mùsùlùmí jù lọ láyé. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ gbogbo ni ó ń wá kàwé níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, a mọ àwọn ìlú tí ilé ìjọsìn tuntun, ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni, gbé irin àti mábù wọ̀ bí ìyàwó, tí kíláàsì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní páànù lórí. Àwọn tí wọ́n dá owó fún méjèèjì jẹ́ ènìyàn kan náà. Olùkọ́ tí òjò ń pa pẹ̀lú ọmọ ogójì mọ ohun tí a ń wí.

Òkúta náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ayé. Iná jó o ní 1660, ilẹ̀ mì ní 1766, apá kan òrùlé rẹ̀ sì wó. Wọ́n tún un ṣe ní ìgbà méjèèjì. Sinan sùn sí ìta, ní igun kan, nínú ibojì kékeré tí òun fúnra rẹ̀ yà, tí ènìyàn lè kọjá láìmọ̀. Ọba àti ìyàwó rẹ̀ Hürrem wà nínú ọgbà lẹ́yìn mọ́sálááṣí, lábẹ́ òrùlé rìbìtì tiwọn.

Ebi ti ń pa wá. Níwájú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ni ìsọ̀ àwọn olóúnjẹ tò sí, ẹ̀wà funfun ni wọ́n fi lókìkí, ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú tòmátì, tí a fi ìrẹsì gbè. Kò ní ata tó, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́ tán. A ra tẹ̀sùbáà Àlàájà lọ́wọ́ ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, a sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà kò rìn. Fún ogójì ìṣẹ́jú, a dúró lójú kan náà, a ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan títí a fi mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a sáré wọ pápákọ̀, òógùn bò wá, bẹ́líìtì wa wà lọ́wọ́ wa láti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò. Àlàájà wà níbi tí a fi í sí, ó ti gba àga kan sílẹ̀ fún wa, ó gbé báàgì rẹ̀ lé e.

Gbogbo ohun tí a kọ sókè yìí ni a sọ fún un, àfi ti Ìbùráímù Ọ̀mùtí, tí a rò pé kò ní dùn mọ́ ọn. Òun náà ni ó wá mú un rẹ́rìn-ín jù nígbà tí ó ṣì bọ́ lẹ́nu wa. Ó gbọ́ ti Shitta, ó ní òun mọ mọ́sálááṣí náà, òun ò mọ ibi tí Bey ti wá. Ó gbọ́ ti àwọn ọmọ tí a kó lọ, ó dákẹ́. Nígbà tí a dé orí ilé ìdáná, ó dá wa dúró.

"Ṣé wọ́n ṣì ń fún aláìní jẹ níbẹ̀?"

A sọ fún un pé àwa sanwó ẹ̀wà wa ni.

Ó fi ìka ka tẹ̀sùbáà tuntun náà díẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ń dá owó jọ fún mọ́sálááṣí kan ní àdúgbò wa," ni ó wí. "Wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Mo máa bi wọ́n léèrè ibi tí ilé ìdáná wà níbẹ̀."

Wọ́n pe ọkọ̀ Èkó. A bá a gbé báàgì rẹ̀, a sì tò sẹ́yìn àwọn èrò.